Ìrànwọ́ owó fún bísínẹ́ẹ̀sì tó fẹ́ gbé sólà: èwo ló bá yín mu nínú wọn?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ọ́fíìsì, oko, ilé ìtura tàbí fáktírì tẹ́ ẹ fẹ́ gbé sólà, mo mọ̀ pé ìdá ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín. "Ìjọba á dá 30% padà." "Ẹ máa yọ 125% nínú owó orí." Ọkàn èèyàn á wá so mọ́ ìdá yẹn, kò ní bèèrè nǹkan mìíì mọ́, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ìrànwọ́ 30% téèyàn ò ní rí gbà tán àfi lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ò ran ẹni tí owó ọwọ́ ẹ̀ ò tó lọ́wọ́ rárá, nígbà tí ẹ̀yáwó tí èlé ẹ̀ kéré, tí ò tiẹ̀ dùn-ún gbọ́ létí, lè jẹ́ kí ẹni yẹn gan-an gbé sólà lóṣù tó ń bọ̀. Lójú tèmi, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè ni ìgbà tówó náà máa wọlé, ọ̀nà tó máa gbà wọlé, àti ẹni tó máa forí fá a tí òfin bá yí padà.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni ìgbà. Ṣé kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹni tó ń gbé sólà ni ìrànwọ́ náà máa dé, àbí lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti san tán, àbí díẹ̀díẹ̀ fún ogún ọdún?

Èkejì, ṣé ẹ ń jẹ èrè tí ìjọba ń gba owó orí lé lórí? Púpọ̀ nínú àwọn ìrànwọ́ yìí, inú owó orí ni wọ́n ti ń yọ ọ́, bísínẹ́ẹ̀sì tó ṣì ń pàdánù lọ́dún kìíní ìkejì ò ní nǹkan tí wọ́n máa yọ nínú ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ìgbà wo lẹ ń lo iná? Ọ̀sán ni sólà ń ṣiṣẹ́. Ilé búrẹ́dì tó ń yan búrẹ́dì láti aago kan òru títí ilẹ̀ á fi mọ́, òun àti ilé ìtọ́jú ẹran dídì tí fíríìsà ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ò lè mú ìrànwọ́ kan náà, bí òrùlé wọn tiẹ̀ fẹ̀ bákan náà. Yúnìtì iná tẹ́ ẹ bá fúnra yín lò lójú ẹsẹ̀ ń gbà yín lọ́wọ́ sísan iye tí kọ́ńpánì iná ń ta á fún yín, àmọ́ yúnìtì tẹ́ ẹ bá tì jáde sórí wáyà, iye tí wọ́n bá fẹ́ ni wọ́n máa san, ó sì sábà máa ń kéré sí tàkọ́kọ́ yẹn gan-an.

Ìkẹrin, ta ló ni òrùlé, báwo lẹ ṣe máa pẹ́ níbẹ̀ tó? Pánẹ́ẹ̀lì tó dáa máa ń ní wáráǹtì tó tó ọdún 25 lórí iná tó ń mú wá, ínfátà ló máa ń kọ́kọ́ rẹ̀, láàárín ọdún 10 sí 15. Ẹni tí rẹ́ńtì ẹ̀ máa parí lọ́dún mẹ́ta òní, ọ̀rọ̀ ẹ̀ yàtọ̀ pátápátá.

Gíráǹtì, owó tẹ́ ẹ ò ní dá padà

Gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn èyí, mi ò sì bá wọn jiyàn, owó tí ò ní èlé, tí ò béèrè pé kẹ́ ẹ jẹ èrè, kò sí èyí tó dà bí ẹ̀. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń san án. Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀, USDA, ní ètò kan tó ń jẹ́ REAP, àwọn àgbẹ̀ àti bísínẹ́ẹ̀sì kéékèèké ní ìgbèríko ló wà fún, ẹni tó wà láàárín ìlú ńlá ò lè gbà á tí kì í bá ṣe àgbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sì fún, ó máa parí iṣẹ́, ó máa sanwó fún ẹnjiníà àtẹni tó ta pánẹ́ẹ̀lì, kó tó kó ìwé ẹ̀rí lọ kí wọ́n tó dá tiẹ̀ padà fún un. Ìyẹn ni pé ẹ ṣì máa wá owó gbogbo iṣẹ́ náà síbì kan ná. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé gíráǹtì máa gbà wọ́n lọ́wọ́ báńkì, wọ́n á wá rí i pé báńkì náà ni wọ́n máa kọ́kọ́ lọ.

Ohun kejì tó ń dun èèyàn níbẹ̀ ni ètò ìgbésẹ̀. Ní European Union, òfin tó ń darí ìrànwọ́ ìjọba fún bísínẹ́ẹ̀sì sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé béèrè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, "kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀" tí wọ́n sì ń sọ yìí ò dúró dìgbà tí wọ́n bá gun òrùlé o, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí ìwé tó dè yín láti ra ẹ̀rọ ni wọ́n máa kà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kẹ́ ẹ wọn òrùlé, kẹ́ ẹ gba ìwé àṣẹ, kẹ́ ẹ ní kí ẹnjiníà ṣírò bó ṣe máa ṣiṣẹ́, ìyẹn ò burú. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá torí pé ẹni tó ń ta pánẹ́ẹ̀lì ní "owó máa gòkè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" tẹ́ ẹ sáré fọwọ́ sí i, gíráǹtì ti lọ nìyẹn. Mo bẹ yín, ẹ má ṣe é.

Ó tún máa ń tán. Iye owó kan ni wọ́n gbé kalẹ̀, tí wọ́n bá ti pín in tán, ó di ìgbà mìíì. Torí náà ẹ má gbé ètò bísínẹ́ẹ̀sì yín ka orí gíráǹtì nìkan, ẹ ṣírò ẹ̀ bíi pé kò ní dé, tó bá dé kó jẹ́ àlékún.

Èyí tó ń gba inú owó orí wọlé

Oríṣi méjì ló wà, àwọn èèyàn máa ń dà wọ́n pọ̀, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ẹ̀ díẹ̀ torí níbí ni wọ́n ti máa ń sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún yín.

Oríṣi àkọ́kọ́, wọ́n ń yọ iye kan tààrà kúrò nínú owó orí tẹ́ ẹ jẹ ìjọba. Ti Amẹ́ríkà lèyí táráyé mọ̀ jù. Lẹ́yìn òfin Inflation Reduction Act tọdún 2022, bísínẹ́ẹ̀sì tí sólà ẹ̀ ò tó 1 megawatt, ìyẹn 1,000 kilowatt (kW), ń rí 30% iye tó ná gbà bẹ́ẹ̀, èyí tó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, 6% ló máa gbà àyàfi tó bá san owó iṣẹ́ tí òfin sọ fáwọn òṣìṣẹ́, tó sì gba àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ sẹ́nu iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ ká wá wò ó nínú ìwé. Sólà jẹ́ $100,000, ìrànwọ́ jẹ́ $30,000. Tí owó orí tẹ́ ẹ ń jẹ lọ́dún bá jẹ́ $8,000, ẹ máa lo $8,000 lọ́dún yìí, $22,000 á kù, tẹ́ ẹ bá sì ń gbé e lọ síwájú bẹ́ẹ̀, ó di ọdún kẹrin kẹ́ ẹ tó lò ó tán. Òfin náà gbà yín láyè láti gbé apá kan padà sẹ́yìn sórí owó orí tẹ́ ẹ ti san, tàbí kẹ́ ẹ ta ẹ̀tọ́ náà fún kọ́ńpánì mìíì tí owó orí ẹ̀ pọ̀, kẹ́ ẹ gba káàṣì, àmọ́ ẹni tó máa rà á ò ní san odindi iye ẹ̀. Ilé ìwé, ilé ìjọsìn àtàwọn ẹgbẹ́ tí kì í san owó orí, ìjọba lè fún wọn lówó náà tààrà.

Ohun méjì kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Tẹ́ ẹ bá ta sólà náà kí ọdún márùn-ún tó pé, ìjọba máa gba apá kan padà, bẹ́ ẹ bá ṣe tètè tà á tó ni iye tí wọ́n máa gbà á ṣe pọ̀ tó. Ìkejì, òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 4 July 2025 ti fi gbèdéke sí i: iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kó tó kọjá 4 July 2026, ẹni tí tiẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, sólà náà gbọ́dọ̀ ti máa ṣiṣẹ́ kí ọdún 2027 tó parí. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn òfin táwọn èèyàn rò pé ó máa wà fún ọdún mẹ́wàá nìyẹn o.

Oríṣi kejì ò yọ nínú owó orí, inú èrè ló ti ń yọ, kí èrè tí wọ́n máa ṣírò owó orí lé lórí lè kéré. Ibí ni 125% ti wá. Gúúsù Áfíríkà ló ṣe é, fún ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín 1 March 2023 sí 28 February 2025. Ẹlòmíì gbọ́ 125%, ó rò pé òun máa rí gbogbo owó òun gbà pẹ̀lú èlé. Rárá o. Ká ní sólà jẹ́ R1,000,000, ẹ máa yọ R1,250,000 nínú èrè, owó orí kọ́ńpánì níbẹ̀ jẹ́ 27%, ohun tó máa wọ àpò yín gan-an ni R337,500. Nǹkan gidi ni, mi ò ní ó kéré, àmọ́ kò jìnnà sí 30% ti Amẹ́ríkà mọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀ àti yíyọ 100% lásán, èyí tí wọ́n padà sí fún ẹ̀rọ tí ò ju 1 megawatt lọ, jẹ́ R67,500.

Ní Ìlú Ọba, kọ́ńpánì lè yọ gbogbo owó ẹ̀rọ tó rà láàárín ọdún, títí dé £1 mílíọ̀nù, kúrò nínú èrè lọ́dún kan náà, sólà wà nínú ẹ̀. Àmọ́ kọ́ńpánì tí èrè ẹ̀ ò ju £50,000 lọ ń san owó orí 19%, èyí tí tiẹ̀ lé ní £250,000 ń san 25%, torí náà pánẹ́ẹ̀lì kan náà, owó kan náà, ẹni tó ń jẹ èrè jù ló ń rí ìrànwọ́ tó pọ̀ jù. Ó dùn mí díẹ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn, torí àwọn kéékèèké ló nílò ẹ̀ jù. Íńdíà náà ń ṣe irú ẹ̀, 80% lọ́dún ni wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n yọ tẹ́lẹ̀, láti oṣù April 2017 ni wọ́n ti gé e sí 40%.

Ó dájú? Bẹ́ẹ̀ ni, torí ẹ̀tọ́ tó wà nínú òfin ni, ẹ ò ní bá ẹnikẹ́ni du ú bíi gíráǹtì, tẹ́ ẹ bá ti ṣe ohun tí òfin sọ, tiyín ni. Ẹ sáà jẹ́ kí akáńtáǹtì yín, kì í ṣe ẹni tó ń ta sólà, ló ṣírò ẹ̀ fún yín, kẹ́ ẹ sì bi í léèrè pé tí gíráǹtì bá wà ńlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́, torí ní ọ̀pọ̀ ibi, iye tẹ́ ẹ gbà lọ́fẹ̀ẹ́ máa ń dín iye tẹ́ ẹ lè yọ kù.

Títa iná tó ṣẹ́ kù fún kọ́ńpánì iná

Jámánì ló jẹ́ kí ayé mọ èyí. Òfin wọn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1 April 2000 sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ ra iná sólà ní iye tí wọ́n ti fi múlẹ̀ fún ogún ọdún gbáko. Ẹ ronú ohun tíyẹn túmọ̀ sí fún ẹni tó fẹ́ lọ sí báńkì, ó ti mọ iye tó máa wọlé lọ́dún kọ̀ọ̀kan kó tó ra pánẹ́ẹ̀lì kan. Ìlú Ọba náà ṣe é láti 2010, wọ́n tì í fáwọn tuntun ní ìparí oṣù March 2019. Èyí tó rọ́pò ẹ̀ láti 1 January 2020, kọ́ńpánì tó ń ta iná ló ń dá iye tó máa san mú fúnra ẹ̀, ohun tí òfin kàn sọ ni pé kó má ṣe jẹ́ òdo. Ní Jámánì fúnra ẹ̀, láti ìparí February 2025, ètò tuntun tó ti ní mítà ìgbàlódé kì í gba kọ́bọ̀ láwọn wákàtí tí sólà bá pọ̀ lórí wáyà débi pé owó iná lọ́jà já wálẹ̀ kọjá òdo, wọ́n máa fi àkókò yẹn kún un lẹ́yìn ogún ọdún.

Oríṣi mìíì ni èyí tí mítà ń yí padà sẹ́yìn, yúnìtì tẹ́ ẹ tì jáde lọ́sàn-án ni wọ́n máa fi yọ yúnìtì tẹ́ ẹ rà lálẹ́, ọ̀kan sí ọ̀kan. Èyí ni ilé búrẹ́dì tó ń ṣiṣẹ́ lóru máa jàǹfààní jù, bíi pé ó fi iná pamọ́ láì ra bátìrì. Ìṣòro ẹ̀ ni pé àwọn ìjọba ń fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní California, ẹni tó kọ̀wé béèrè láti 15 April 2023 bọ́ sábẹ́ ètò tuntun tí iye tí wọ́n ń san fún iná tó jáde fi já wálẹ̀ tó nǹkan bíi 75%. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ lórí ti àtijọ́.

Kì í ṣe gbogbo ibi ni wọ́n ti ń fi àwọn àtijọ́ sílẹ̀ o. Sípéènì ṣèlérí owó gọbọi lọ́dún 2007, àwọn èèyàn yáwó rọ́ wọ̀ ọ́, nígbà tí gbèsè wọ ìjọba lọ́rùn, láàárín 2010 sí 2013 wọ́n gé e fáwọn tó ti gbé sólà tán, tó ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn kọ́ńpánì tó wá láti òkè òkun gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń yanjú irú aáwọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó ní pánẹ́ẹ̀lì díẹ̀ lórí òrùlé ilé ìkẹ́rù ẹ̀, níbo ló fẹ́ gbé e lọ? Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé, tó bá jẹ́ pé títa iná nìkan ló máa jẹ́ kí sólà yín mówó wọlé, ẹ dín iye pánẹ́ẹ̀lì kù títí ó fi máa bá iná tẹ́ ẹ ń lò lọ́sàn-án mu, kí èyí tẹ́ ẹ ń tà jẹ́ ẹ̀kún.

Sátífíkéètì

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Ìwé ẹ̀rí ni, tó ń fi hàn pé oòrùn lẹ fi mú iná wá, òfin sì ní kí àwọn kọ́ńpánì iná máa rà á. Ọsirélíà ló ń ṣe é dáadáa jù: sólà tí ò ju 100 kW lọ máa ń gba sátífíkéètì fún iná tó máa mú wá títí di ìparí 2030, lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó ń gbé sólà sì sábà máa ń gba sátífíkéètì náà lọ́wọ́ yín tó máa yọ owó ẹ̀ kúrò nínú iye tẹ́ ẹ máa san. Nínú gbogbo èyí tí mo mọ̀, òun ló tètè ń wọlé jù, kò sì béèrè bóyá ẹ jẹ èrè. Ó ń dín kù lọ́dọọdún bí 2030 ṣe ń sún mọ́. Èyí tó bá ju 100 kW lọ, ọdọọdún ni wọ́n ń ka iná tó mú wá kí wọ́n tó fún un ní tiẹ̀, iye tí ọjà bá sì pè é lọ́jọ́ náà ni, ẹ ò lè fi ṣèlérí fún báńkì.

Ẹ̀yáwó tí èlé ẹ̀ kéré

Ohun tó ṣe pàtàkì jù níbí ni iye ọdún tí wọ́n fún yín láti fi san án, kódà mo kà á sí ju èlé lọ. Ká ní sólà jẹ́ 100, tó sì ń gbà yín lọ́wọ́ ìnáwó 15 lọ́dún. Báńkì tó ní kẹ́ ẹ san án lọ́dún mẹ́ta, ẹ máa san ju 33 lọ lọ́dún, àpò bísínẹ́ẹ̀sì lẹ ti máa mú èyí tó ju ìdajì lọ. Báńkì tó fún yín lọ́dún mẹ́wàá pẹ̀lú èlé 5%, ẹ máa san bíi 13, oòrùn fúnra ẹ̀ ló ń san gbèsè náà, 2 á tún kù sápò. Báńkì ìjọba Jámánì, KfW, ní ẹ̀yáwó tí wọ́n dìídì ṣe fún iná oòrùn, irú báńkì ìdàgbàsókè bẹ́ẹ̀ sì wà lọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè, àmọ́ báńkì tẹ́ ẹ ti ń ṣe àkáǹtì lẹ sábà máa gbà kàn án. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń so gbèsè náà mọ́ ilé, wọ́n á máa gbà á pẹ̀lú owó orí ilé, tẹ́ ẹ bá ta ilé, gbèsè lè bá ilé lọ sọ́dọ̀ ẹni tó rà á. Ibẹ̀, wọ́n á ní kí báńkì tó ti yá yín lówó ilé tẹ́lẹ̀ fọwọ́ sí i, kì í sì í yá wọn lára.

Kí ẹlòmíì gbé e, kẹ́ ẹ máa san owó iná fún un

Kọ́ńpánì kan á gbé sólà sórí òrùlé yín lówó ara ẹ̀, ẹ ò ní san nǹkan kan, ẹ máa ra iná lọ́wọ́ ẹ̀ fún ọdún 15 sí 25. Tó bá bàjẹ́, òun ló máa tún un ṣe. Ìrànwọ́ owó orí, òun ló máa gbà á, ó sì yẹ kẹ́ ẹ rí díẹ̀ níbẹ̀ nínú iye tó ń ta iná fún yín, ẹ bi í tààrà.

Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ìdá tí owó ń fi gòkè lọ́dọọdún sí. 3% lọ́dún ò jọ nǹkan, àmọ́ yúnìtì tó jẹ́ 10 lónìí á ti di 18 lẹ́yìn ogún ọdún, tí owó iná ìjọba ò bá gòkè tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀ ń san ju aládùúgbò yín tí ò ní sólà lọ nìyẹn. Ẹ tún wo iye tẹ́ ẹ máa san tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra sólà náà kó tó parí, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tẹ́ ẹ bá kó kúrò. Ẹni tí ò kọ àwọn yìí sínú àdéhùn, ẹ má bá a ṣe é.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Bísínẹ́ẹ̀sì tó ti pẹ́, tó ń jẹ èrè dáadáa, tó ni òrùlé ẹ̀, tó sì ń lo iná lọ́sàn-án: ti owó orí ni kẹ́ ẹ mú, ẹ fi owó yín tàbí ẹ̀yáwó ọlọ́dún gígùn rà á. Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíì wá jẹ ìrànwọ́ tó jẹ́ tiyín.

Bísínẹ́ẹ̀sì tuntun tí ò tíì jẹ èrè, gíráǹtì tàbí sátífíkéètì tí wọ́n máa yọ lójú ẹsẹ̀ ló máa ṣe é lóore, tí kò bá sí, kó gba ẹ̀yáwó ọdún púpọ̀, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pánẹ́ẹ̀lì díẹ̀. Níbi tí òfin bá ti gbà á láyè, kó bi akáńtáǹtì bóyá òun lè ta ẹ̀tọ́ owó orí òun.

Àwọn àgbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá gíráǹtì, ẹ̀yin ni ìjọba máa ń rántí jù níbẹ̀, ẹ kọ̀wé ná kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, kẹ́ ẹ sì ti bá báńkì sọ̀rọ̀ nípa owó tẹ́ ẹ máa ná kí ti ìjọba tó dé.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lóru, tàbí tó ń tì pa ní Sátidé àti Sọ́ńdè, ibi tí mítà ṣì ń yí padà ọ̀kan sí ọ̀kan nìkan ni kó ti gbé sólà ńlá, ó sì gbọ́dọ̀ gba ìwé tó sọ iye ọdún tí wọn ò ní fọwọ́ kàn án. Níbi tí wọ́n bá ti gé e, bátìrì ni kó fi kún ìṣirò ẹ̀, kó wò ó bóyá ìrànwọ́ tó wà ńlẹ̀ kan bátìrì náà, torí àwọn ètò kan ò kà á mọ́ ọn.

Ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti ẹgbẹ́ tí kì í san owó orí, ẹ béèrè bóyá ìjọba lè sanwó náà tààrà fún yín. Tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí kọ́ńpánì mìíì gbé e kẹ́ ẹ máa ra iná, ṣùgbọ́n ẹ jà fún kí owó yúnìtì dúró sójú kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba rẹ́ńtì, tó bá ku ọdún díẹ̀, ẹ bá onílé sọ̀rọ̀ kó gbé sólà náà fúnra ẹ̀, kó gba ìrànwọ́ owó orí, kẹ́ ẹ máa ra iná lọ́wọ́ ẹ̀ ní iye tó kéré sí ti kọ́ńpánì iná. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ́ńtì, iye yúnìtì, ẹni tó máa pààrọ̀ ínfátà, ẹni tó máa fọ pánẹ́ẹ̀lì, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tó bá ta ilé.